Irin Kò Kán, Eegun Ló Kán

Ariwo tí mo gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà kò pọ̀. Ó dún kàù, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi ìdáná gbígbẹ, lẹ́yìn náà ni abọ́ omi ró gbàǹgàlà lórí táìlì. Inú yàrá ni mo wà, mò ń wé gèlè. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, Màmá ti wà nílẹ̀, ẹ̀yìn wọn kan ògiri, wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú bí ẹni tó jókòó sinmi lásán. Wọn ò pariwo rárá. Ohun tó jáde lẹ́nu wọn ni, “Àjọkẹ́, má fọwọ́ kàn án o. Irin yẹn ti kán.”

Òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi sì ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Kò ju ohun tí èèyàn lè fi àkísà kan nù lọ. Wọn ò jábọ́ láti orí àga, wọn ò gun àkàbà, ọkọ̀ kankan ò kọ lù wọ́n. Ẹsẹ̀ yọ̀, ara lọ́ díẹ̀, wọ́n jókòó gbì.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún sí ní ọdún méje ṣáájú, nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 64. Gbági ni Màmá ti ta aṣọ, àtìgbà tí ọjà ṣì wà nítòsí Dùgbẹ̀ títí wọ́n fi kó lọ sí ojú ọ̀nà Ifẹ̀. Orí àpótí kúkurú ni wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n á dìde gbé ìgàn aṣọ, wọ́n á jókòó ká a, oníbàárà á ní òun ò fẹ́ àwọ̀ yẹn, wọ́n á tún dìde. Nígbà tó yá, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. A lo òrí, a lo àgbo, a gba abẹ́rẹ́. Kerekere tó yẹ kó wà láàárín eegun méjèèjì ti jẹ tán, eegun wá ń ha eegun. Bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn níwájú mi, mo máa ń gbọ́ ọ.

Ohun tó dùn wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìkúnlẹ̀. Màmá fi ìkúnlẹ̀ bí ọmọ márùn-ún, ìkúnlẹ̀ ni wọ́n fi ń kí ìyá ọkọ wọn títí ìyá náà fi kú, ìkúnlẹ̀ ni wọ́n fi ń gbàdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó wá di pé wọn ò lè kúnlẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe àdúrà tó le fún wa, wọ́n á ní, “Ìkúnlẹ̀ abiyamọ tí mo kún lórí yín,” wọ́n á sì gbé ọwọ́ lé orúnkún yẹn, wọ́n á máa pa á bí ẹni ń bẹ ọmọ tó ń sunkún.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A ṣe ìdúpẹ́, a ra aṣọ ẹbí, àwọn ọmọ ọmọ ń kan orúnkún náà kó-kó-kó láti mọ̀ bóyá yóò dún. “Orúnkún irin” la sọ ọ́. Ọdún méje gbáko la fi ń dúpẹ́ nítorí irin, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, títí kan èmi tí mò ń kọ èyí, tó rántí béèrè nípa eegun tó gbé irin náà ró. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń jẹ mí lẹ́nu láti ọjọ́ yẹn, òun ni mo sì jókòó kọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n ṣubú, dókítà gbé fíìmù ẹ́síréè sójú iná. Irin funfun báláú. Ó gbá ìdí eegun itan mú dáadáa, kò yẹ̀, kò sán. Ṣùgbọ́n lókè rẹ̀, ní nǹkan bí ìwọ̀n ìka méjì, ilà dúdú kan gba inú eegun kọjá ní ìdagun, apá òkè sì ti yẹ̀ kúrò lórí apá ìsàlẹ̀.

“Màmá, irin yín wà digbí,” dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. “Eegun ló kán.”

Màmá wo fíìmù náà títí. Wọ́n wá béèrè pé, “Eegun tèmi gan-an?”

“Tiyín gan-an, mà.”

Ohun tí a ń pè ní orúnkún irin kì í ṣe odidi orúnkún tí wọ́n yọ sọnù tí wọ́n gbé òmíràn sí. Wọ́n máa ń gé ojú eegun itan nísàlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á gé orí eegun ojúgun díẹ̀, wọ́n á fi irin bo ojú méjèèjì, wọ́n á sì ki ike líle kan sáàárín kí irin má baà máa ha irin. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun kan tó ń le bíi sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń lẹ irin mọ́ eegun. Irin ti òkè sábà máa ń jẹ́ àdàlù cobalt àti chromium. Ike àárín ni wọ́n ń pè ní polyethylene. Ọjọ́ ti pẹ́ tí aráyé ti ń wá ọ̀nà sí i. Ní ọdún 1890, nílùú Berlin, dókítà kan tó ń jẹ́ Themistocles Gluck fi eyín erin ṣe oríkèé orúnkún, ó sì fi í sára èèyàn, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn kò jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ tọ́jọ́. Nígbà tó di ọdún 1974, ní New York, John Insall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tó di bàbá fún púpọ̀ nínú àwọn tí à ń lò lónìí. Orí eegun ni gbogbo wọn jókòó lé. Ti òde òní náà kò yàtọ̀.

Dókítà tó tọ́jú Màmá ní sùúrù. Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ẹ̀rúkọ́ ti sábà máa ń ṣẹ́?”

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá tó bí Màmá. Wọn ò tilẹ̀ ronú kí wọ́n tó dáhùn. “Lọ́rùn ni. Níbi tó ti fẹ́ wọ inú irin.”

“Ohun tó ṣe yín nìyẹn.”

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ọkọ́ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi, nítorí ó là mí lójú ju gbogbo ohun tí mo lọ kà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Irin kì í tẹ̀. Igi a máa tẹ̀ díẹ̀, eegun náà a sì máa tẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí agbára bá dé lójijì, ibi tí èyí tó ń tẹ̀ ti pàdé èyí tí kì í tẹ̀ ló máa ń kó sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ eegun itan, lókè irin níbẹ̀ yẹn, ni irú èyí ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù lọ. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ojúgun lábẹ́ irin, ó lè ṣẹlẹ̀ sí eegun kékeré tó bo iwájú orúnkún, ṣùgbọ́n ti itan ló wọ́pọ̀. Kì í ṣe pé ó ń ṣe gbogbo ẹni tó ṣe orúnkún o. Nínú ìwé àwọn oníṣègùn, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ṣe orúnkún fún ìgbà àkọ́kọ́, iye tí ti itan ń ṣe kì í sábà ju 0.3 sí 2.5 lọ. Ó ń pọ̀ sí i lára àwọn tí wọ́n ti tún orúnkún wọn ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí orúnkún ń dùn ka èyí tán kó sọ pé òun ò ní ṣe iṣẹ́ abẹ mọ́. Ọdún méje tí Màmá fi rìn láìfi ojú sunkún, mi ò ní fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún ohunkóhun.

Àmọ́ kí ló sọ eegun di igi gbígbẹ? Ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Bí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dáwọ́ dúró, ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń dáàbò bo eegun á lọ sílẹ̀, eegun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ láìsí ìrora, láìsí àmì. Irin fúnra rẹ̀ náà tún ń kópa. Ọwọ́ àgbẹ̀ tó ń di ọkọ́ lójoojúmọ́ máa ń le. Ẹ gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún méjì, àtẹ́lẹwọ́ náà á tún rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni eegun rí. Irin tó bo ìdí itan ti gba díẹ̀ nínú ẹrù tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń rù tẹ́lẹ̀, eegun tí kò ru ẹrù mọ́ sì ń tín-ín-rín. Bí ike àárín bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀, èérún rẹ̀ lè mú kí ara máa jẹ eegun tó yí irin ká.

Ti Màmá ní ọ̀kan mìíràn, òun ló sì dùn mí jù. Ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, kẹ́míìsì kan wà ní àdúgbò tó máa ń di oògùn fún wọn sínú ọ̀rá, hóró kéékèèké, tí orúnkún fi ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn láàárín wákàtí mélòó kan. Èmi gan-an ni mo máa ń lọ rà á. Nígbà tí dókítà ní kí n mú gbogbo oògùn tí wọ́n ti lò rí wá, mo rántí pé ọ̀kan ṣì kù nínú báàgì wọn àtijọ́. Ó wò ó, ó ní prednisolone ni. Oògùn gidi ni fún àìsàn tó bá yẹ ẹ́, lábẹ́ ojú dókítà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí ẹni tó ń mójú tó o, eegun rẹ̀ ló ń tà. Ohun tí a fi ń tu orúnkún lójú ló ń jẹ ìpìlẹ̀ tí orúnkún dúró lé, ọwọ́ mi ni mo sì fi ń gbé e wálé. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń lo oògùn inú ọ̀rá tí kò ní orúkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ó wò ó. Ẹ má sì dá a dúró fúnra yín lójijì, nítorí ìyẹn náà léwu.

Bàbá Mọ́níyà, àbúrò Màmá, kò fara mọ́ ọsibítù. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n jábọ́ lórí igi obì, apá wọn kán, teguntegun ló sì tò ó. Wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn adìyẹ tí wọ́n dá lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí adìyẹ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ ni wọ́n tú ọparun kúrò ní apá tiwọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n mú bàbá teguntegun kan wá sí wọ́ọ̀dù, àgbàlagbà tí irun rẹ̀ funfun gbòò. Ọkàn mi kọ́kọ́ gbé sókè. Bàbá náà kí Màmá, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan itan náà fẹ́ẹ́rẹ́, wọn ò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rí àpá gbọọrọ tó wà níwájú orúnkún.

“Kí ni wọ́n fi síbí?”

“Irin ni, bàbá.”

Wọ́n dákẹ́ títí tí Bàbá Mọ́níyà fi wúkọ́. Wọ́n wá ní, “Eegun ni mo mọ̀. Èyí tí irin wà nínú rẹ̀, ọwọ́ mi ò lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó fi irin sí i tún un ṣe.” Wọn ò gba kọ́bọ̀. Mo sìn wọ́n dé ìsàlẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí mo mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní wọ́n ti fa ẹsẹ̀ náà, tí wọ́n sì dì í le koko. Ẹsẹ̀ tó ti ń wú, bí ìdè bá fún un jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, ẹsẹ̀ náà á sì kú mọ́ra.

Nígbà yẹn, iṣẹ́ abẹ ṣì ń dúró de ìwé. Ìbéèrè méjì ni dókítà ní. Àkọ́kọ́: kí wọ́n tó ṣubú, ǹjẹ́ ẹsẹ̀ yẹn ti ń dùn wọ́n, pàápàá bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde lórí àga? Irin tó ti ń mì nínú eegun máa ń jẹ́ kí ẹni tó ni ín mọ̀ báyẹn, bí ó bá sì ti ń mì, dídì eegun nìkan kò tó, wọ́n ní láti pààrọ̀ irin náà pẹ̀lú. Màmá ní rárá. Èkejì: irú orúnkún wo ni wọ́n fi síbẹ̀? Èyí ni kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn irin kan ní àlàfo láàárín tí wọ́n lè gbà ki ọ̀pá irin gígùn wọ inú mùdùnmúdùn eegun itan, láti orúnkún lọ sókè. Àwọn mìíràn dí pa. Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ní láti mọ̀ kó tó gbé abẹ.

Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́. Wọ́n ní fáìlì ọdún yẹn ti kúrò ní ibi tó wà, wọ́n ní kí n padà wá lọ́la. Lọ́la di ọ̀tunla. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀, Màmá sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n so ẹrù kan mọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó rọ̀ sílẹ̀ ní ìdí bẹ́ẹ̀dì láti máa fa eegun kó má baà gun ara wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá kọlu bẹ́ẹ̀dì, ẹrù náà á mì, Màmá á di eyín. Inú bí mi débi tí mo sunkún nínú mọ́tò. Ìdí tí ìkánjú fi bá mi ni pé dókítà ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní ewu ikú láàárín ọdún kan fún àgbàlagbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò jìnnà sí ti ẹni tó kán ní ìbàdí. Orí ìdùbúlẹ̀ ni ikú ti ń wá: ẹ̀jẹ̀ á dì nínú iṣan, àyà á kún, ẹ̀yìn á ya egbò. Mi ò sọ fún Màmá.

Màmá fúnra wọn ló yanjú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, wọ́n ní, “Àjọkẹ́, ṣé o ti wo inú agolo bísíkíìtì mi?” Oníṣòwò aṣọ kì í ju rìsíìtì nù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn nílé ni mo ti fa agolo náà jáde, mo tú ìwé owó iná, rìsíìtì lééṣì, káàdì ẹgbẹ́ àjọ, nísàlẹ̀ pátápátá ni mo rí káàdì ọsibítù kan tí wọ́n lẹ sítíkà kéékèèké mẹ́rin mọ́: orúkọ iléeṣẹ́, nọ́ńbà, ìwọ̀n irin kọ̀ọ̀kan. Mo gbé e lọ fún dókítà ní aago méje àárọ̀. Ó kà á, ó mí kanlẹ̀. Irú èyí tó dí pa ni. Ọ̀pá ò lè kọjá.

Irin pẹlẹbẹ gígùn ni wọ́n fi gbá ẹ̀gbẹ́ itan, síkúrù mọ́kànlá. Orí àwọn síkúrù náà ní ìlà tó ń wọ inú irin pẹlẹbẹ, wọ́n sì ń há mọ́ ọn, kí ó má jẹ́ pé eegun rírọ̀ nìkan ló ń di síkúrù mú. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àjọ àwọn oníṣòwò Gbági kó owó jọ fún wa, àwọn ìyá tí mo ti ń pè ní àǹtí láti kékeré, tí orúnkún tiwọn náà ti wú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Màmá kò fi gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ náà ru ara wọn. Orí ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n kàn ń fi kan ilẹ̀, wọ́n di fírémù irin mú, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ wọn ní ìrìn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń sọ pé, “Ẹ ṣe bíi pé ẹyin adìyẹ ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, mà.” Lẹ́yìn ìyẹn ló di díẹ̀díẹ̀. Oṣù karùn-ún la padà sílé ìjọsìn.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó yẹ eegun wọn wò fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn bí eegun ṣe ki sí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, kò dùn wọ́n. Ọdún méje ṣáájú ló yẹ ká ti ṣe é, kí a tó ra aṣọ ẹbí. Dókítà fún wọn ní oògùn eegun, ó ní kí wọ́n máa jẹ ẹja kéékèèké teegunteegun, ẹ̀fọ́, àti wàràkàsì. Mo ti yí ilé ìdáná padà: mo tẹ́ rọ́bà tí kì í yọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo fi igi dí abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo kan irin ìdìmú mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀. Sítíkà mẹ́rin yẹn, mo ti ya fọ́tò wọn, ó wà lórí fóònù àwa ọmọ márààrún.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo oògùn náà, wọ́n sì mú ọjọ́ Àìkú. Inú òfo ni, pẹ̀lú omi ife kan, wọn ò sì gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ tàbí jẹun fún 30 ìṣẹ́jú, kí ó má baà jó wọn ní ọ̀nà ọ̀fun. Nítorí náà, bí mo bá ń wé gèlè láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Màmá á ti jókòó sórí àga gíga nínú pálọ̀, wọ́n á nà tọ́ọ́tọ́, ojú wọn á wà lára aago. Àárín ìgbà yẹn ni wọ́n fi ń ṣàdúrà fún wa báyìí, lórúkọ lórúkọ, láti orí ẹ̀gbọ́n mi títí kan ọmọ tó kéré jù. Mo máa ń gbọ́ wọn láti yàrá: “Ìkúnlẹ̀ abiyamọ tí mo kún lórí yín.” Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo yọjú. Ọwọ́ wọn kò sí lórí orúnkún mọ́. Ó ti gòkè díẹ̀, ní ìwọ̀n ìka méjì, wọ́n sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibẹ̀ jẹ́ẹ́.